Datsun Bàbá Wa

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kan wà nínú agolo tí ìyá wa ń kó bọ́tìnnì àti òwú ìránṣọ sí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni. Orúkọ Datsun wà lára rẹ̀, ọwọ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa orúkọ náà rẹ́ tán. Ọkọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ yìí ń ṣí kò sí mọ́. Lọ́dún 1998, ọdún kejì tí bàbá wa kú, ìyá wa ránṣẹ́ pe àwọn tó ń ra irin àlòkù. Wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́ lójúde wa n'Íbàdàn, wọ́n dì í sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n bá tiwọn lọ.

Àwa ọmọ mẹ́rin tí wọ́n fi Datsun yẹn gbé lọ sílé ìwé kò dárí ji ìyá wa bọ̀rọ̀. Nígbàkígbà tá a bá pé jọ sílé fún ọdún, ọ̀rọ̀ náà á tún jẹ yọ. Kí ló dé tí wọ́n fi tà á? Ṣé kò sáyè lẹ́yìnkùlé ni? Nílẹ̀ ibòmíì, wọ́n ń nu irú rẹ̀ bí ẹní nu dígí, tiwa la wá gé bí ẹran iléyá. Ìjà yìí ló sún wa dédìí ìtàn ọkọ̀ náà: ibi tí wọ́n ti ṣe é, ìdí tó fi kéré, àti ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ká sòótọ́, ẹ̀rí tá a ó fi dá ìyá wa lẹ́bi là ń wá. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tá a rí fún yín.

Ibi orúkọ la ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lọ́dún 1911, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Hashimoto Masujiro dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Tokyo. Àwọn mẹ́ta ló fowó tì í lẹ́yìn: Den, Aoyama àti Takeuchi. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ jáde ní 1914, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kó jọ tó fi sọ ọ́ lórúkọ, ó di DAT. Ní 1931, àwọn tó gba iṣẹ́ náà ṣe ọkọ̀ míì tó kéré gan-an. Wọ́n yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí ọmọkùnrin, wọ́n pe ọkọ̀ náà ní Datson, bí ẹni pé ọmọ DAT nìyẹn. Àṣé lédè tiwọn, "son" tún lè túmọ̀ sí òfò. Ta ló fẹ́ fowó rẹ̀ ra òfò? Ní 1932, wọ́n yí i sí Datsun, kí oòrùn tó wà lára àsíá ilẹ̀ wọn lè wọnú orúkọ náà. Lẹ́yìn náà ni Nissan gbà á, tó sì ń lò ó lọ. Àwa tá a gbà pé orúkọ ń roni kò ní fi èyí ṣe ẹlẹ́yà.

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí ní 1945, ìlú ńláńlá Jàpáàn ti jóná di eérú. Àwọn tó ṣẹ́gun wọn fòfin de ṣíṣe ọkọ̀ òfuurufú nílẹ̀ náà. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú irin fúyẹ́ kó lè fò ń bẹ nílẹ̀, iṣẹ́ ò sí. Hasegawa Tatsuo ti ya àwòrán bàálù ogun nílé iṣẹ́ Tachikawa. Ó wọṣẹ́ ní Toyota. Momose Shinroku ti ṣiṣẹ́ ní Nakajima, ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ bàálù tó tóbi jù. Wọ́n fọ́ ilé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ogun, inú ẹ̀ka rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe Subaru sì ti jáde. Ọ̀bẹ tí wọ́n pọ́n sílẹ̀ fún ogun ni wọ́n wá fi ń gé iṣu.

Owó ò sí lọ́wọ́ aráàlú nígbà yẹn, ojú ọ̀nà sì tóóró. Ìjọba ibẹ̀ wá ya ìsọ̀rí kan sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ tó kéré jù, láti 1949. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1950 sí 1960, òfin náà ti dúró báyìí: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju 360 cc lọ, gígùn rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju mítà 3, fífẹ̀ rẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ ju mítà 1.3 lọ. Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà míì wà tó ju ìyẹn lọ. Inú àyè tóóró yìí ni Momose àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fa Subaru 360 yọ ní 1958. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, òrùlé rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe irin, gbogbo rẹ̀ ò sì wúwo tó 400 kìlógíráàmù. Síbẹ̀, èèyàn mẹ́rin ń jókòó sínú rẹ̀. Àwọn ará Jàpáàn wò ó, wọ́n rí i tó rí róbótó, wọ́n fi orúkọ kòkòrò kékeré kan tó ní àmì tótòtó lẹ́yìn pè é. Báwa náà ṣe wo Volkswagen nìyẹn tá a pè é ní Ìjàpá. Ọkọ̀ tí tálákà bá lè rà ni tálákà ń fún lórúkọ. 

Ọdún 1966 lọ̀rọ̀ gbòòrò sí i. Nissan ṣe ọkọ̀ kékeré tuntun kan, wọ́n ní káwọn aráàlú fúnra wọn wá sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ tó wọlé lé ní mílíọ̀nù 8, Sunny ni wọ́n mú nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 988 cc. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Toyota gbé Corolla jáde, Hasegawa tó ń ya bàálù níjọ́sí ni olórí iṣẹ́ náà. Ẹ́ńjìnnì tiwọn jẹ́ 1077 cc, wọ́n wá ń polówó káàkiri pé àfikún ọgọ́rùn-ún cc ló ń mú ara dẹ awakọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Nissan. Ní 1970, wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì Sunny di 1171 cc, wọ́n sì dá èsì padà nínú ìpolówó tiwọn pé, ó mà ṣe o, ọkọ̀ aládùúgbò wá ń kéré lójú. Ìjà orogún gan-an ni, àmọ́ àwa tó ń ra ọkọ̀ la jèrè rẹ̀, torí wọ́n ń fi ìjà náà tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni.

Ọkọ̀ bàbá wa jẹ́ ọmọ ìyá Sunny yẹn. 120Y ni wọ́n kọ sí i nídìí, ẹ́ńjìnnì 1171 cc kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ọdún 1973 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, ọdún yẹn ló sì so Jàpáàn mọ́ ilẹ̀ wa lọ́nà tí a ò fura sí rí. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti Íjíbítì pẹ̀lú Síríà. Àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá tó ń ta epo dín epo kù, wọn ò sì tà fún Amẹ́ríkà mọ́. Kó tó di oṣù mélòó kan, owó epo ti di ìlọ́po mẹ́rin. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń wa ọkọ̀ gàgàrà tó ń mu epo bí ẹní mu omi tò gbọọrọ nílé epo, wọ́n wá ń bi ara wọn pé ọkọ̀ kékeré àwọn ará Jàpáàn yìí, mélòó ni wọ́n ń tà á? Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń ta epo. Ọ̀wọ́n epo tó sọ ọkọ̀ kékeré di ààyò lókè òkun ló kówó sápò ìjọba tiwa.

Ẹni tó gbáyé nígbà yẹn ò ní gbàgbé owó Údọ́jì. Ní ìparí 1974, ìjọba gba àbá ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji darí, wọ́n fowó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì san àjẹmọ́nú oṣù tó ti kọjá lẹ́ẹ̀kan náà ní 1975. Ọjà ré kọjá, èrò rẹpẹtẹ ra redíò, wọ́n ra ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, wọ́n ra kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen l'Ékòó. Akọ̀wé ni bàbá wa ní Sẹkitéríàtì Agodi. Peugeot 504 jẹ́ ti ọ̀gá wọn. Ìjàpá ló kọ́kọ́ wù wọ́n, àmọ́ ọ̀rẹ́ wọn kan ní kí wọ́n lọ wo Datsun, pé kò gbóhùn sókè, pé kò sì mọ̀ ju epo díẹ̀ lọ. Ní 1976, wọ́n yá owó ọkọ̀ tí ìjọba ń yá òṣìṣẹ́, wọ́n ra 120Y kan, àwọ̀ ìyeyè. Ọwọ́ òsì ni sítíárìn rẹ̀ wà, torí láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún. Àwọn ará Jàpáàn tó ṣe é ṣì ń wakọ̀ lápá òsì títí dòní.

Kí la rántí nípa rẹ̀? A rántí bí àga rẹ̀ ṣe ń jóni nítan lọ́sàn-án. A rántí pé bàbá wa kì í jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn gbàà: "Ẹ rọra, kì í ṣe ilẹ̀kùn ilé ìwé yín nìyẹn." Láàárọ̀ ọjọ́ òjò, wọ́n á fa ṣóòkù, ẹ́ńjìnnì á kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, á wá jẹ́. Tí kò bá jẹ́, àwa mẹ́rin á bọ́ sílẹ̀ tòun ti aṣọ ilé ìwé, a ó tì í títí yóò fi gbéra, a ó wá máa sáré tẹ̀ lé e kí bàbá wa má baà dúró kó tún kú. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹbí kékeré ló ń gbé bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́rin, àpò gàrí kan àti ìyá àgbà tá a bá lọ kí l'Ọ́yọ̀ọ́. Súpírìn ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀, á kígbe ní gbogbo kòtò, á sì gbé wa délé. Àwọn tó ya á ò mọ̀ wá, àmọ́ wọ́n ti mọ bí tálákà ṣe ń rìn: gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ wa ni pé èèyàn lè fojú rí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ rí kábúrétọ̀, ẹ rí púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ẹ rí bẹ́líìtì fáànù, ẹ sì rí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mẹkáníìkì tí kò wọ ilé ìwé rí lè tú u, kó tún un tò, kí ilẹ̀ tó ṣú. Bọ̀dá tó ń tún tiwa ṣe nítòsí Àràrọ̀mí, lọ́jà sípéà pátì Agodi Gate, máa ń fetí sí i bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́, á wá ní, "Ọ̀gá, ọ̀fun ló ń dùn ún." Wọ́n á fọ kábúrétọ̀, ó parí.

Ọdún 1986 ló ba nǹkan jẹ́. Ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé dé, wọ́n jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ kí ọjà máa díye lé e, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ọkọ̀ tuntun fò kọjá ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni Nissan palẹ̀ orúkọ Datsun mọ́, torí wọ́n ti kéde láti 1981 pé Nissan ni kí gbogbo ayé máa pe ọkọ̀ wọn. Sípéà tó jẹ́ ojúlówó wá ń wọ́n. Ìgbà náà ni ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun wá kún Kòtónù àti Èkó, tá a sì bá a wá orúkọ tí ń bẹ nílẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó padà wálé: Tòkunbọ̀. Ẹ ò rí i pé orúkọ náà fọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́? A ò pè é ní àjákù, ọmọ tó dé láti ìrìn àjò la pè é.

Datsun bàbá wa kò lè bá wọn dù ú mọ́. Láti nǹkan bí 1992 ló ti ń dúró sílé ju bó ṣe ń jáde lọ. Ìpẹtà jẹ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀. Adìyẹ yé sórí àga ẹ̀yìn. Bàbá wa á ṣì jáde láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á nu dígí iwájú, wọ́n á jókòó sídìí sítíárìn fúngbà díẹ̀, wọ́n á wọlé. Wọ́n kú ní 1996.

Ibi tí ìjà wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A gbọ́ pé wọ́n dá ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí sílẹ̀ fún ọkọ̀ láti 1989 nítòsí Nagoya, tí Toyota ń bójú tó. A gbọ́ pé ní California, láti 2005, àwọn èèyàn ń kó àtijọ́ ọkọ̀ Jàpáàn jọ lọ́dọọdún láti fi wọ́n hàn. Ṣé ẹ wá rí i, a ní, aráyé mọyì ohun tá a sọ nù. Àmọ́ bá a ṣe ń kà á lọ la rí apá kejì ọ̀rọ̀. Ní Jàpáàn fúnra rẹ̀, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí èèyàn bá ra ọkọ̀ tuntun ló gbọ́dọ̀ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ìjọba, lẹ́yìn náà ó di ọdún méjìméjì, owó rẹ̀ ò sì kéré. Tí ọkọ̀ bẹntiróòlù bá ti lé ní ọdún 13, owó orí rẹ̀ ń ga sí i. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ wọn ta ọkọ̀ tó ṣì dára. Ẹni tó bá ní òun ò ní tà, tó ní òun á tọ́jú Sunny àtijọ́, ìfẹ́ ló ń san owó rẹ̀. Ó ní ibi tó ń gbé e sí, ó ní owó tó ń ná sí i, ó sì tún ní ọkọ̀ míì tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ìyá wa ò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

A lọ wá Bọ̀dá Mẹkáníìkì lọ. Àgbàlagbà ni wọ́n báyìí, ọmọ wọn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. A bi wọ́n bóyá wọ́n rántí ọkọ̀ oníyeyè kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ ọ̀gá mi, irin nìkan làwọn yẹn gé o. Kí wọ́n tó dé ni mo ti tú ẹ́ńjìnnì. Màmá yín ló ní kí n wá tú u." Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì àti jíà bọ́ọ̀sì bọ́ sínú Datsun onítakisí kan tó ń ná Gate sí Ìwó Road, ó sì fi ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin ó lé. Dígí iwájú lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Rédíétọ̀ ò ríran, wọ́n tà á ní bàbà. Wọ́n ń kà á bí ẹni ń ka ibi táwọn ọmọ ilé kan fọ́n ká sí.

A wá padà sílé lọ bá ìyá wa. A ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò bi mí rí. Ẹ kàn ń bá mi jà ni." Owó ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi san owó ìdánwò WAEC fún àbíkẹ́yìn wa. Owó irin ni wọ́n fi ra páànù tí wọ́n fi dí òrùlé tó ń jò. A bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ni ń ta kọ́kọ́rọ́?" Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà la ti ń fi ojú míì wo títì Ìbàdàn. Ọkọ̀ Micra ló kún ibẹ̀, èrò méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, àwọn tó kù fún ara wọn pọ̀ lẹ́yìn. Nissan kan náà ló ṣe é. Ní 1982 ló kọ́kọ́ jáde ní Jàpáàn, March ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní 1992, ní Sunderland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń to ti Yúróòpù, òun sì ni ọkọ̀ Jàpáàn àkọ́kọ́ tó gba oyè ọkọ̀ tó dára jù lọ ní Yúróòpù, lọ́dún 1993. Ẹ́ńjìnnì èyí tó kéré nínú rẹ̀ jẹ́ 998 cc. Ti Sunny 1966 jẹ́ 988. Ìdílé kan náà ni, ìwọ̀n kan náà, iṣẹ́ kan náà: kó gbé ọ̀pọ̀ èèyàn, kó má mu epo púpọ̀, kí mẹkáníìkì tòsí lè tún un ṣe. Lọ́jọ́ kan, Micra wọ̀nyí náà á lọ sí Òwódé Oníìrìn, wọ́n á gé wọn. Àwọn ọmọ tó ń fi í lọ sílé ìwé lónìí á bínú, bíi tiwa.

A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ta irin rẹ̀. Ìlú tí kò sówó fún ilé ìwòsàn tó pé kò ní rówó tọ́jú Datsun, a sì ti rí i pé ọkọ̀ tá a lò dé eegun kò ṣòfò. Ọ̀nà tiwa láti tọ́jú ọkọ̀ ni pé ká máa pín in fún ara wa. Àmọ́ ọ̀nà yẹn ní gbèsè kan lọ́rùn. Ẹni tó tọ́jú odindi ọkọ̀ lè dákẹ́, kí ọkọ̀ sọ̀rọ̀ fún un. Ẹni tó pín in wẹ́wẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ìtàn rẹ̀, torí kò sí nǹkan míì tó ṣẹ́kù. Gbèsè yẹn la ò tíì san. Àwọn tó wa 120Y, Corolla àtijọ́ àti Mazda níjọ́un ń kú lọ, bẹ́ẹ̀ làwọn tó tún un ṣe náà ń lọ, ìtàn wọn sì ń bá wọn wọlẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti wà nílé yín rí, ẹ bi ìyá yín, ẹ bi bàbá yín, ẹ bi mẹkáníìkì wọn tó bá ṣì wà láyé. Ẹ bi wọ́n nọ́ńbà ọkọ̀, àwọ̀ rẹ̀, iye tí wọ́n rà á, ibi tó gbé wọn dé, ẹni tó bí ọmọ sínú rẹ̀, ibi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bọ́ sí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa ti bẹ̀rẹ̀ tiwa. A ti ra ìwé kan, ìyá wa ń sọ, à ń kọ. Kọ́kọ́rọ́ náà ti padà sínú agolo rẹ̀, láàárín àwọn bọ́tìnnì.